Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Góòlù Lórúkọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe ní Jobele, Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio, lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Brazil ní Olympics ọdún 1996

  

Àwọn tó pè mí ní kí n má dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀, kí n má dá ti ẹ̀sìn sílẹ̀, kí n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kí ara lè tu ènìyàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé pé ìṣojú mi ni Kanu Nwankwo ṣe gbá góòlù kẹrin sáwọ̀n Brazil lọ́dún 1996. Àwọn kan lára wọn ti di bàbá ọlọ́mọ, wọ́n jókòó síbí, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tiwọn pé, "Tíṣà wa rí i." Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ ni mo pa. N kò rí i. Mo ti lọ sùn.

Ìdí tí mo fi lọ sùn, àti ohun tí ẹni tí kò sùn rí, òun ni mo fẹ́ fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lónìí.

Òru ọjọ́ náà

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1996. Ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti gbá a, ní pápá Sanford Stadium, lójú èrò tó lé ní 78,000. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fọn fèrè lọ́dọ̀ wọn. Aago mọ́kànlá alẹ́ nìyẹn ní Jobele. Iná kò sí. Ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò létí títì Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn ló gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síta, irú èyí tí kò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Ó tan jẹnẹrétọ̀, olúkúlùkù sì dá owó epo. Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwa ọ̀dọ́ jókòó sórí àwọn táyà àlòkù tí bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yí wá fún wa. Bí àwòrán bá dàrú, ọmọ kan á sáré lọ yí ọ̀pá àǹtẹ́nà, gbogbo wa á máa kígbe pé, "Fi síbẹ̀! Má mi ín mọ́!"

Ẹ má gbàgbé irú ọdún tí a wà nínú rẹ̀. Olóyè MKO Abíọ́lá, ẹni tí gbogbo Áfíríkà ń pè ní Òpó Eré Ìdárayá, wà ní àtìmọ́lé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, oṣù méjì kò tíì pé sígbà náà, ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat, aya rẹ̀, ní Èkó. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú wàhálà náà: níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ìjọba Abacha kò jẹ́ kí ikọ̀ wa lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní South Africa, nítorí aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, bàbá àgbà kan lórí bẹ́ǹṣì dá wa lẹ́bi. Ó ní, "Ta ni ẹ ń gbè? Àwọn tó ti Abíọ́lá mọ́lé?"

Bàbá tó ń lẹ táyà ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ọmọ wa là ń gbè. Ìjọba kì í gbá bọ́ọ̀lù."

Ìṣẹ́jú kan kò pé tí wọ́n ta bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tí Flávio Conceição fi gbá a wọlé fún Brazil. Ní ìṣẹ́jú 20, Roberto Carlos ṣèèṣì gbá a sínú àwọ̀n ara wọn, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Inú wa kò tíì dùn tán tí Bebeto fi gbá èkejì ní ìṣẹ́jú 28, Flávio tún padà wá gbá ẹ̀kẹta ní ìṣẹ́jú 38. Mẹ́ta sí ọ̀kan ni wọ́n fi lọ sinmi. Ẹ wo orúkọ àwọn tó wà nínú ikọ̀ yẹn: Ronaldo, Rivaldo, Bebeto, Juninho, Aldair. Mário Zagallo, tó gba Ife Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ló ń darí wọn.

Ní abala kejì, a rí pẹ́náritì gbà. Jay-Jay Okocha gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Gbogbo wa dìde. Dida, aṣọ́lé wọn, fò, ó sì mú un.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ láàárọ̀. Mo gbọn eruku táyà kúrò lára ṣòkòtò mi, mo ní, "Ó dàárọ̀ o." Àwọn mẹ́wàá bí èmi náà dìde. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ alára ń nawọ́ sí i láti pa á, ó ní epo tó kù kò tó nǹkan, kò yẹ kí a fi sun òkú. Bí mo ṣe ń lọ, mo rí bàbá tó ń lẹ táyà tó gbé ike kan, tó ń fi ọ̀pá rọ́bà fa epo láti inú táǹkì ọ̀kadà rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i nínú ọkàn mi. Mo lọ sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi

Ní ìṣẹ́jú 78, Victor Ikpeba dá ẹyọ kan padà. Mẹ́ta sí méjì. Ní ìṣẹ́jú 90, bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín èrò lẹ́nu ilé Brazil, ó sì kan Kanu lẹ́sẹ̀ níbi tó ti kẹ̀yìn sí àwọ̀n. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, a ta á lójú kan náà, a gbá a lu ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Kanu kò kánjú. Ó fi ẹsẹ̀ hú u sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi àtẹ fẹ́ ẹ̀wà, ó yíjú padà, ó sì tì í wọlé kí Dida tó mọ ibi tó gbà. Mẹ́ta sí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ọmọ náà. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1976 ni wọ́n bí i, ní Owerri. Ní Athens, ọjọ́ kò tíì yí; ó ku ọ̀la kí balógun ikọ̀ wa tó pé ọmọ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n níbí yìí, aago méjìlá òru ti kọjá. Ní Jobele, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti wọlé.

Wọ́n wọ àfikún àsìkò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ òfin tí wọ́n ń lò nígbà náà. Góòlù wúrà là ń pè é. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kún un, ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé ti borí nìyẹn. Kò sí pé ẹ jẹ́ kí àwa náà dá a padà. Ní ìṣẹ́jú 94, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Kanu létí àpótí. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ ta á, olùṣọ́ ẹ̀yìn Brazil gbà á gbọ́, ó sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá, Kanu fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wá ta á ní tòótọ́. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Eré parí lójú ẹsẹ̀.

Ilé là á wò

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń sọ pé ìṣẹ́jú 94 ni a ti borí Brazil. Ibẹ̀ ni èmi kò ti bá wọn lọ. Ọjọ́ kẹjọ ni Yorùbá ń sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n bí ọmọ? Oyún ti wà nínú fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá ti rọbí. Àfikún àsìkò kì í bímọ. Orúkọ ló ń sọ ọmọ. Àwọn bàbá wa sì sọ ọ́, wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí góòlù yẹn ti wá. Yàrá mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Yàrá kìíní ni Dammam, ní Saudi Arabia, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1989. Ikọ̀ ọ̀dọ́ wa, tí Tunde Disu jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, pàdé ikọ̀ Soviet nínú ìdíje àgbáyé. Ó ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí eré parí, mẹ́rin sí òdo ni wọ́n ń nà wá. Christopher Ohenhen gbá ọ̀kan, ó tún gbá èkejì. Samuel Elijah gbá ẹ̀kẹta ní ìṣẹ́jú 83. Ní ìṣẹ́jú 84, Nduka Ugbade gbá ẹ̀kẹrin. Pẹ́náritì la fi borí wọn níkẹyìn. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó wà ní Athens. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá ni Kanu nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò. Ìran kan ti dàgbà tó mọ̀ pé mẹ́rin sí òdo kì í ṣe ikú. Ẹni tí kò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí, bó bá di mẹ́ta sí ọ̀kan, yóò máa wo aago ni.

Yàrá kejì ni Japan, ọdún 1993. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju mẹ́tàdínlógún lọ gba ife àgbáyé níbẹ̀. Gánà ni wọ́n nà ní àṣekágbá, méjì sí ọ̀kan. Wilson Oruma ni balógun wọn. Kanu wà níbẹ̀. Celestine Babayaro wà níbẹ̀. Mobi Oparaku wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ló wà nínú ikọ̀ Athens lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti jọ jẹun, wọ́n ti jọ sùn, wọ́n ti jọ jìyà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, èkejì ti mọ ibi tó ń bọ̀. Ẹ kò lè ra irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjà lọ́sẹ̀ ìdíje.

Yàrá kẹta ló ṣókùnkùn jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Foxboro, lẹ́bàá Boston, ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994. Ife Àgbáyé ni. Ẹ rántí pé ọdún yẹn ni Rashidi Yekini gbá góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá nínú Ife Àgbáyé, tó di àwọ̀n mú, tó ń sunkún. Ítálì la bá pàdé lẹ́yìn ìpele ìsọ̀rí. Emmanuel Amunike gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 25. Adájọ́ lé Zola kúrò ní pápá, Ítálì ku mẹ́wàá. Ọ̀kan sí òdo, a pé, wọn kò pé, ìṣẹ́jú méjì ló kù. Ọmọ wa ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré fún ara wọn. Àwọn ará ilé ti ń jó. Ní ìṣẹ́jú 88, Roberto Baggio dá a padà. Wọ́n wọ àfikún àsìkò, wọ́n fún Ítálì ní pẹ́náritì, Baggio tún gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 102. Bí àwọn ọmọ wa ṣe forí lé ilé nìyẹn.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò sọ pé àfikún àsìkò ló pa wá ní Foxboro. Rárá o. Ìṣẹ́jú 88 ni. A ti pín ẹran kí ìgbín tó wọ ìkòkò. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì: Brazil ní Athens wọ bàtà tí a wọ̀ ní Foxboro. Àwọn náà ń ṣíwájú, àwọn náà rò pé ó ti parí, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn sì ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù náà lára. Àwa wá di Ítálì. Amunike, Okocha, Sunday Oliseh, Daniel Amokachi, Ikpeba, Uche Okechukwu: gbogbo wọn ló wà nínú ikọ̀ tó sunkún ní 1994, gbogbo wọn náà ló wà nínú ikọ̀ ti 1996. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ yìí ti wo ẹ̀yìn. Wọ́n mọ bí ìṣẹ́jú 88 ṣe rí lára ẹni tó ń borí, wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń dẹ̀, ojú rẹ̀ ti kúrò lára bọ́ọ̀lù.

Ṣé orí ni àbí iṣẹ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ń sọ sínú pé, "Tíṣà, orí ló ṣe é." N kò sọ pé orí kò sí níbẹ̀. Roberto Carlos fúnra rẹ̀ ló gbá ti àkọ́kọ́ wọlé fún wa. Òfin góòlù wúrà gan-an, bí tẹ́tẹ́ ni. Sẹ̀nẹ̀gà tọ́ ọ wò lápá méjèèjì ní Ife Àgbáyé ọdún 2002: Henri Camara fi lé Swídìn lọ sílé, nígbà tó sì kan ìpele tó tẹ̀ lé e, Tọ́kì fi lé Sẹ̀nẹ̀gà alára lọ, ní ìṣẹ́jú 94 yìí kan náà. Ní 2004 ni àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù pa òfin náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé sí ọjọ́ yẹn tí Brazil yìí kan náà nà wá ní Miami, ọ̀kan sí òdo, Ronaldo ló gbá a. Kí ó tó di ìgbà náà, Japan ti na Brazil ní ìlú Miami yẹn. Àwọn ọmọ wa ti rí i pé ènìyàn ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ló wà lára wọn. Ẹ sì wo àṣekágbá, ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú Argentina: ìgbà méjì ni wọ́n ṣíwájú wa. Babayaro dá ti àkọ́kọ́ padà, Amokachi dá èkejì padà ní ìṣẹ́jú 74. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 90, àwọn olùṣọ́ ẹ̀yìn Argentina sáré jáde papọ̀ kí Amunike lè wà níbi tí òfin kò gbà. Kò sí níbẹ̀. Ó dá dúró níwájú ilé, ó sì gbá a wọlé. Mẹ́ta sí méjì. A kò tilẹ̀ dé àfikún àsìkò mọ́. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà yóò gba wúrà bọ́ọ̀lù ní Olympics. Ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ni Chioma Ajunwa ti fo mítà 7.12, tó gba wúrà Olympics àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Ní ti Brazil, ó di ọdún 2016, nílé ara wọn ní Rio, kí wọ́n tó rí wúrà náà gbà. Pẹ́náritì ni wọ́n sì fi gbà á. Bí orí bá yà sọ́dọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, a lè pè é ní àlejò. Bó bá wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹnìkan ló tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdíje yẹn ni Inter Milan yẹ ara Kanu wò, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀, èyí tó yẹ kó máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má padà sẹ́yìn, kò pa dé dáadáa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Ó padà sórí pápá. Ní 2000, ó dá àjọ Kanu Heart Foundation sílẹ̀, tó ń rán àwọn ọmọdé tí irú àrùn yìí ń dà láàmú lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ọkàn tó sáré ìṣẹ́jú 94 yẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé. Ẹ máa rántí bí ẹ bá ń sọ pé ìdí kan wà tí ẹ kò fi lè dúró.

Pápá tiwa

Kí ló kan Jobele níbẹ̀? Ọdún tí wọ́n bí Kanu, 1976, ni IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Segun Odegbami, gba ife Áfíríkà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba irú rẹ̀. Bí ẹ bá wọ mọ́tò láti ibí, kí oòrùn tó gbóná ẹ ti dé Ìbàdàn. A kò jìnnà sí ilé ńlá. Ṣùgbọ́n yàrá tiwa dà? Ẹ lọ wo pápá àwọn ilé ìwé wa: òmíràn ti di oko àgbàdo, òmíràn ni ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà kọjá, òmíràn ni wọ́n ti ń wọn fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Lẹ́yìn náà, a ó wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a ó máa bínú sí ọmọ tó pàdánù pẹ́náritì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin orí adé àti ẹ̀yin alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ tó fi Jobele ṣe ibùjókòó: kí a wọn pápá ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a gbin igi sí ààlà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Kí ilé ìwé Fìdítì máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ti Ìlọrà lọ́dọọdún, kí ẹni tó fìdí rẹmi lọ́dún yìí mọ ọjọ́ tí yóò padà wá. N kò ṣèlérí Kanu fún yín. Mo ń sọ̀rọ̀ yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Igbe ló jí mi. Mo rò pé olè ni. Mo fa ṣòkòtò wọ̀, mo sáré padà sétí títì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, àwọn ènìyàn ti tú sójú ọ̀nà, wọ́n ń jó níwájú iná tírélà. Tẹlifíṣọ̀n ti kú, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Epo inú ike náà ti tán pátápátá. Bí kì í bá ṣe pé òfin góòlù wúrà dá eré náà dúró ní ìṣẹ́jú 94, wọn kì bá tí rí ìparí rẹ̀. Bàbá tó ń lẹ táyà nìkan ló ṣì jókòó síbẹ̀, nínú òkùnkùn, ike òfìfo láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bú mi. Ó fi ẹsẹ̀ ti táyà kan sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Jókòó." Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti dìde, láti orí pẹ́náritì Okocha, ó sì fi ẹnu gbá gbogbo rẹ̀ fún mi títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Nígbà tí mo wá rí fídíò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kò sí ibi tí bàbá náà ti ṣì í sọ.